Òkúta Ẹ̀yìnkùlé Ilé Onílántànà

Òkúta ni Nabeelah ń wá lọ́jọ́ tó rí ọkọ. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún un láàárọ̀ ọjọ́ náà pé bẹ́ẹ̀ ni yóò rí, ẹ̀rín ni ì bá fi onítọ̀hún rín, nítorí ọ̀rọ̀ ọkọ ti sú u. Ìyá rẹ̀ kò sinmi lórí ọ̀rọ̀ náà. Àwọn àǹtí rẹ̀ ń ṣe àdúà fún un lójú ara rẹ̀, bí ẹni ń ṣe é fún aláìsàn. Kì í ṣe pé ó kọ ọkọ o. Ọkọ tí yóò ní kó pa iṣẹ́ rẹ̀ tì ló kọ̀, ó sì dà bí ẹni pé irú wọn ló kún ìgboro.

Iṣẹ́ ìtàn ni iṣẹ́ náà. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì, dọ́kítà ni wọ́n sì ń pè é nítorí ìwé tó kà, Tánkè nítòsí ọgbà ilé-ìwé ló sì ń gbé. Ṣùgbọ́n ohun tí ìlú fi mọ̀ ọ́n ni ètò tó ń ṣe lórí rédíò ní àárọ̀ Sátidé. Á mú agbo-ilé kan ní Ìlọrin, á sọ ẹni tó tẹ̀ ẹ́ dó, ibi tó ti wá, iṣẹ́ tó ń ṣe àti ohun tó ń jẹ. Kò ní sọ ọ́ bí ẹni ń ka ìwé. Á jẹ́ kó o gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ẹṣin, á jẹ́ kí èéfín iná igi ta ọ́ lójú. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ Tánkè á yí rédíò sókè, àwọn èrò ẹ̀yìn á pa ẹnu mọ́, ẹlòmíì á tilẹ̀ kọjá ibi tó ti yẹ kó sọ̀ nítorí pé ìtàn kò tíì parí.

Ó ní ọ̀rọ̀ kan tó máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà. Ó ní òkú kò lẹ́nu mọ́, àwọn ni wọn yóò yá a lẹ́nu, ṣùgbọ́n ẹni tó bá yá òkú lẹ́nu, kó má gbàgbé pé ẹnu ara rẹ̀ ni. Àwọn ọmọ á kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó dùn ún sọ ni. Òun tó ń sọ ọ́ kò tíì mọ bó ṣe wúwo tó.

Lọ́dún náà, àwọn tó ń lọ iyùn láyé àtijọ́ ló ń wádìí. Kí àwọn òyìnbó tó gbé ìlẹ̀kẹ̀ wẹẹrẹ tiwọn dé, Ìlọrin ni wọ́n ti ń lọ iyùn pupa tí wọ́n ń pè ní lántànà, ọ̀nà tó jìn ni wọ́n sì ti ń wá a wá. Ẹnì kan sọ fún un pé agbo-ilé kan wà lẹ́yìn Ọjà-Ọba tí wọ́n ń pè ní Ilé Onílántànà, pé ó ṣeé ṣe kí òkúta tí wọ́n fi ń lọ iyùn ṣì wà níbẹ̀. Ó débẹ̀ lọ́sàn-án gangan, ó kígbe sàlámù, ohùn kan sì dá a lóhùn láti orí òrùlé.

Abdulmateen nìyẹn. Iṣẹ́ iná sólà ló ń ṣe. Òun ló ń de gíláàsì sólà sórí ilé àwọn ọmọ yunifásítì káàkiri Tánkè, lọ́jọ́ yẹn tilé bàbá rẹ̀ ló ń tún ṣe. Bàbá rẹ̀ ni Bàbá Àfáà Yàhàyá, olórí agbo-ilé náà, tó ń kọ́ àwọn èèyàn ní kéú, ẹ̀kọ́ Kùránì, ní iwájú ilé. Bàbá kò sí nílé. Abdulmateen sọ̀kalẹ̀, ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò, ó sì mú àlejò lọ sí ẹ̀yìnkùlé.

Òkúta náà gùn, ó tẹ́jú, ojú ibi tí wọ́n ti ń lọ iyùn ti jìn wọnú rẹ̀ bí ipa ọ̀nà oko. Ojú àwọn kan ti dúdú, nǹkan aláwọ̀ ewé ti hù sí wọn lára. Ṣùgbọ́n ojú kan wà láàárín tó mọ́, tó ń dán. Nabeelah fi ìka kàn án, ó sì béèrè ìdí. Abdulmateen ní bóyá àwọn obìnrin ilé ń pọ́n ọ̀bẹ níbẹ̀, òun kò mọ̀. Kó tó parí ọ̀rọ̀, dọ́kítà yunifásítì ti ká aṣọ rẹ̀ sókè, ó ti kúnlẹ̀ sínú eruku, ó ti da omi sí òkúta, ó sì mú òkúta kékeré kan, ó ń lọ̀ ọ́ pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀.

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó bi í pé ṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń kọ́ wọn ní yunifásítì. Nabeelah ní rárá, pé ìwé ni wọ́n ń kọ́ wọn níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé kò lè sọ fún un ibi tí yóò ti máa dun èèyàn lára lẹ́yìn iṣẹ́. Abdulmateen dákẹ́ ẹ̀rín. Ó ní, "Ó dáa, ibo ló ń dùn yín?" Obìnrin náà ní èjìká ni. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ ti di ọ̀rọ̀.

Ẹ kò mọ irọ́ tí àwọn méjèèjì pa lẹ́yìn ìyẹn. Nabeelah padà lọ wọn gígùn òkúta, ó tún padà lọ wọn fífẹ̀ rẹ̀, bí ẹni pé òkúta a máa dàgbà. Abdulmateen náà ń wá wo bátìrì sólà tó wà nílé tí Nabeelah ń gbé, bẹ́ẹ̀ kò sí ohun tó ṣe bátìrì náà. "Ẹ" tí wọ́n ń pe ara wọn di "o" láìsí ẹni tó ní kó rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n jókòó lọ́jọ́ kan ní ẹ̀gbẹ́ òkúta, ọ̀kan lápá ìhín, èkejì lápá ọ̀hún. Nabeelah ń lọ òkúta, Abdulmateen ń sọ̀rọ̀ bátìrì. Obìnrin náà wò ó bí ó ṣe ń tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ waya àti iná, ìfẹ́ rẹ̀ sì kún inú rẹ̀ títí ó fi já sí ẹnu. Ó ní, "Ọkùnrin yìí, tó o bá bi mí, n ò ní kọ̀."

Ìró òkúta gbé ọ̀rọ̀ náà mì. "Kí lo wí?" ni Abdulmateen béèrè.

"Mo ní òkúta yìí le."

Ó rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń lọ sílé nínú kẹ̀kẹ́, ọgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ jí. Bí ẹni tó jókòó lápá ọ̀hún òkúta kò bá gbọ́ ohùn òun, ẹni tó ń kọjá lóde kò lè gbọ́ rárá. Ó fi èyí sí àyà.

Kò pẹ́, Abdulmateen bi í lóòótọ́, kò sì kọ̀. Wọ́n wá alárinà. Àǹtí Rokibat ni, àbúrò Bàbá Àfáà lóbìnrin, tó ń ta ìborùn ní Ọjà-Ọba. Obìnrin náà lẹ́nu, ó lẹ́sẹ̀, ohun méjèèjì tí alárinà ń fẹ́ nìyẹn. Ó ti dé ilé àwọn òbí Nabeelah, ara wọn ti yá. Ilé Bàbá Àfáà ló kù, Àǹtí sì ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀.

*

Láàárín èyí ni ètò Ilé Onílántànà bọ́ sí orí rédíò.

Ẹni tó sọ ìtàn náà fún Nabeelah ni Ìyá Hàjàrá, ọmọ ilé náà tó ti dàgbà, tó ń dáko ẹ̀pà ní Òkè-Oyì. Ìyá ní ẹni tó tẹ ilé náà dó, Àlàó lórúkọ rẹ̀, iṣẹ́ iyùn ló gbé e dé Ìlọrin, kò sì mọ álífù kan. Ìyàwó tó fẹ́ níbẹ̀, Bàríkísù, ọmọ ilé kéú ni. Ìyàwó yìí ló kọ́ ọkọ rẹ̀ ní Fátíhà, nígbà tí ọkùnrin náà ti hu irùngbọ̀n. Ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ tí wọ́n bí ni àfáà ti wọ ilé náà.

Nabeelah sọ ọ́, ó sì sọ ọ́ dáadáa. Nígbà tó débi tí Àlàó ti ń kọ́ Fátíhà, ó rí i pé ìtàn náà kò tíì ní ẹ̀mí. Ó wá rántí ìró òkúta. Ó ní ojú ń ti ọkùnrin náà, nítorí náà ìdí òkúta ló ti ń kọ́ ọ. Ó ń lọ iyùn, ó ń pe Fátíhà, ó ń ṣì í, ó ń padà bẹ̀rẹ̀, ìró òkúta sì ń bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹni tó ń kọjá á ní iṣẹ́ ló ń ṣe. Ọlọ́hun nìkan ló gbọ́ ọ títí ahọ́n rẹ̀ fi là.

Bí ẹ bá gbọ́ ariwo tí ìlú pa. Fóònù ilé-iṣẹ́ rédíò kò sinmi. Ọkùnrin kan pè, ó ní òun ti dàgbà kí òun tó bẹ̀rẹ̀ kéú, pé láti ọjọ́ yẹn lọ ojú kò ní ti òun mọ́. Nabeelah lọ sílé pẹ̀lú ayọ̀.

Ayọ̀ náà kò pé ọ̀sẹ̀. Àǹtí Rokibat wá sí Tánkè, ó jókòó, kò gba omi. Nabeelah mọ̀ nígbà náà pé kò dáa.

Àǹtí ní òun jíṣẹ́ fún Bàbá Àfáà, bí Bàbá sì ti gbọ́ orúkọ ọmọ náà tán, ó ní òun kò lè gba ẹni tó tú àṣírí ilé òun sínú ilé òun. Àǹtí bẹ̀ ẹ́. Bàbá ní kí Àǹtí máa lọ sí ìsọ̀ rẹ̀. Nabeelah béèrè àṣírí wo. Àǹtí ní èwo ló tún kù ju pé obìnrin ló kọ́ bàbá ńlá wọn ní kéú. Ilé àfáà ni wọ́n, ẹni tó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ni ọ̀gá, a kì í ti orí rédíò gbọ́ pé ọ̀gá ti jẹ́ ọmọ ilé-kéú ìyàwó rẹ̀.

"Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́," ni Àǹtí wí. "Ṣùgbọ́n ẹnu tó sọ ọ́ náà lè kó o jẹ. Padà sórí rédíò. Sọ pé o ṣì í gbọ́ ni, pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ìlú á gbàgbé. Èmi á sì padà lọ bá ẹ̀gbọ́n mi."

Nabeelah sin Àǹtí dé ibi tó ti wọ kẹ̀kẹ́, ó padà wọlé, ó jókòó sí ibi tó jókòó sí tẹ́lẹ̀. Nígbà tí Abdulmateen wá, ojú rẹ̀ ti rù. Wọ́n jókòó lórí bẹ́ǹṣì ìyá onírẹsì tó wà níwájú ilé, oúnjẹ wà níwájú wọn, kò sẹ́ni tó jẹ ẹ́. Abdulmateen ní bàbá òun kì í dá òun lóhùn mọ́. Láràárọ̀ tí òun bá dọ̀bálẹ̀ kí i, á máa ka tẹ̀súbáà rẹ̀ lọ bí ẹni pé kò sẹ́nì kankan níwájú rẹ̀.

"Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí. Ó ní, 'Ta ló sọ ọ́ fún un?' Mo ní Ìyá Hàjàrá ni. Ó ní irọ́ ni mo pa."

"Ṣùgbọ́n Ìyá Hàjàrá ni."

"Mo mọ̀. Bàbá mi ò pè mí ní òpùrọ́ rí, Nabeelah. Láti kékeré mi."

Nabeelah sọ ohun tí Àǹtí Rokibat ní kó ṣe. Ọkùnrin náà wo ìrẹsì tó ti tutù, ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ló ní kó má torí òun sọ pé irọ́ ni ohun tí kì í ṣe irọ́. Ó ní bí Nabeelah bá lè parọ́ lórí bàbá ńlá òun nítorí òun, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí òun yóò máa bi ara òun pé èwo ló tún ti pa lórí òun. Ọ̀rọ̀ náà wọ Nabeelah lọ́kàn gan-an. Ṣùgbọ́n bí ọkùnrin náà ṣe dìde tó ń lọ, èjìká rẹ̀ wálẹ̀, Nabeelah sì mọ̀ pé bí òun kò bá ṣe nǹkan kan, òun yóò pàdánù ọkùnrin yìí, ọkùnrin náà yóò sì pàdánù bàbá rẹ̀. Adìẹ ti bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ.

Ó ń rò ó nínú kíláàsì, ó ń rò ó lórí ìkòkò. Gbólóhùn kan péré ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ta ni yóò dùn? Àlàó ti kú, Bàríkísù ti kú. Ṣùgbọ́n nígbàkígbà tó bá rántí Bàríkísù, ó ń rí obìnrin kan tó kọ́ ọkọ rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun láìfi í ṣe yẹ̀yẹ́, kò sì mọ bí òun yóò ṣe fi ẹnu ara òun lé e jáde kúrò nínú ilé tó kọ́.

Ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Òkè-Oyì.

Ìyá Hàjàrá ń já ẹ̀pà lábẹ́ igi máńgòrò. Ó gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ náà láìgbé ojú sókè. Nígbà tí Nabeelah parí, ó ní ohun kan ń ya òun lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ Bàríkísù kì í ṣe àṣírí. Gbogbo ọmọ ilé náà tó ti dàgbà ló mọ̀ ọ́n, Yàhàyá gan-an ló máa ń sọ ọ́ bí inú rẹ̀ bá dùn. Ó ní, "Èyí tí o sọ lórí rédíò, èmi ni mo sọ ọ́ fún ẹ, àfi ti òkúta. Ta ló sọ ti òkúta fún ẹ?"

"Kò sẹ́nì kankan, Ìyá. Èmi ni mo fi sí i."

"Kí ló dé tó o fi sí i?"

Nabeelah ṣàlàyé. Ó ní òun kúnlẹ̀ sídìí òkúta náà, òun lọ̀ ọ́, òun sọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́. Ó ní bí òun kò bá fi sí i, àwọn èèyàn kò ní rí ọkùnrin náà lójú wọn.

Ìyá ní òun kò mọ ohun tó ń bí Yàhàyá nínú, ọ̀rọ̀ inú àgbà jìn. Ṣùgbọ́n obìnrin tó bá gbé ọbẹ̀ fún àlejò lè sọ pé òun ni òun fi iyọ̀ sí i, ọbẹ̀ náà kò ní tìtorí ìyẹn bàjẹ́. "O jẹ́ kí gbogbo ayé rò pé èmi ni mo fi iyọ̀ náà sí i," ni Ìyá wí. Ó bu ẹ̀pà fún un, ó sì ní kó máa lọ kí òjò tó dé.

Nínú bọ́ọ̀sì ni ojú ti ti Nabeelah. Ọ̀rọ̀ tó ń fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ló padà wá bá a. Ó ti yá òkú lẹ́nu, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni pé ẹnu ara òun ni.

*

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, kò mú agbo-ilé tuntun. Ó ní òun fẹ́ padà sí Ilé Onílántànà, kí òun fi bí òun ṣe ń se ìtàn han àwọn tó ń jẹ ẹ́. Àǹtí Rokibat, tó ti gbé rédíò sí etí ní ìsọ̀ rẹ̀, ní, "Alùhámúdù," ó rò pé ọmọ náà fẹ́ kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ ni.

Nabeelah ní àwọn nǹkan kan wà tí òun gbọ́ lẹ́nu ẹni tó mọ̀: pé Àlàó ń lọ iyùn, pé Bàríkísù ló kọ́ ọ ní kéú. Òun kò yí ìyẹn padà, ó sì jẹ́ ìyìn fún ilé náà. Nǹkan kan wà tí òun fi ojú ara òun rí: òkúta, omi, àti ojú òkúta tó jìn wọnú. Ó wá mí kanlẹ̀.

"Ṣùgbọ́n pé ó ń fi ìró òkúta bo ohùn rẹ̀, èmi ni mo rò ó. Kò sẹ́nikẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi, nínú ilé náà tàbí níta. Mo jókòó sídìí òkúta yẹn lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ń lọ̀ ọ́, mo sì sọ ọ̀rọ̀ kan sí ẹni tó jókòó níwájú mi. Kò gbọ́. Ó bi mí pé kí ni mo wí. Ibẹ̀ ni mo ti rí i. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó lè má jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó yẹ kí n ti sọ bẹ́ẹ̀ fún yín lọ́jọ́ àkọ́kọ́."

Ẹni àkọ́kọ́ tó pè bínú. Ó ní dọ́kítà ti ba ìtàn náà jẹ́ mọ́ òun lọ́wọ́, pé níbi tó dùn jù ló ti yọ ọwọ́. Obìnrin kan pè lẹ́yìn rẹ̀, ó ní ní tòun, láti ìgbà tí òun ti ń gbọ́ ètò yìí, òní ni òun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á gbọ́. Nabeelah dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Nígbà tó jáde sí ìta, ó rò ó pé òun kò fún Bàbá Àfáà ní ohun tó fẹ́, pé òun ti fi ẹnu òun ti ìlẹ̀kùn ìgbéyàwó pa. Ó sunkún díẹ̀ lẹ́yìn ilé-iṣẹ́ rédíò, ó nu ojú, ó sì wọ kẹ̀kẹ́.

Kò tíì dé Tánkè tí Àǹtí Rokibat fi pè é. Ohùn Àǹtí yàtọ̀. Ó ní Bàbá ní kó wá, lẹ́yìn ìrun Àsárì.

Bàbá Àfáà Yàhàyá jókòó lórí awọ àgùntàn nínú yàrá àbáwọlé, rédíò kékeré wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nabeelah kúnlẹ̀, ó kí i. Bàbá dáhùn, ó sì wò ó fún ìgbà pípẹ́.

"O ní kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún ẹ."

"Kò sẹ́nì kankan, Bàbá."

"Abdulmateen ńkọ́?"

"Òun ló jókòó níwájú mi, Bàbá. Títí di òní ló ṣì ń bi mí pé kí ni mo wí."

Ẹnu bàbá náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò rín in. Ó ní kí Àǹtí Rokibat lọ bá òun wo ẹni tó ń kan ìlẹ̀kùn. Kò sẹ́ni tó ń kan ìlẹ̀kùn. Àǹtí dìde pẹ̀lú ìbànújẹ́ ńlá, nítorí alárinà tí wọ́n bá lé síta nígbà tí ọ̀rọ̀ ń dùn, ìyà ńlá ló jẹ.

Bàbá wá sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ó ní ẹni tó bá jókòó lórí awọ yìí, ẹni tó ṣáájú rẹ̀ á ti sọ ọ̀rọ̀ kan sí i létí, kò sì sí ẹlòmíì nínú ilé tó ń gbọ́ ọ. Bàbá òun sọ tòun fún òun. "Ó ní, 'Yàhàyá, ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ bá kọjá agbára rẹ, lọ sídìí òkúta. Ibẹ̀ ni bàbá ńlá wa fi ohùn rẹ̀ pamọ́ sí, títí Ọlọ́hun fi là á lóhùn. Máa lọ̀ ọ́, kó o sì sọ tẹnu rẹ. Ẹni tó yẹ kó gbọ́ á gbọ́.'"

Ojú òkúta tó ń dán yẹn yọ sí Nabeelah lọ́kàn.

"Mo ti ń lọ síbẹ̀ ó pẹ́," ni Bàbá wí. "Lọ́jọ́ kan, nígbà tí Abdulmateen ṣì kéré, mo yíjú, mo rí i lẹ́yìn mi. N ò mọ ohun tó gbọ́. Nígbà tí mo wá gbọ́ ọ̀rọ̀ tí bàbá mi sọ sí mi létí, tí rédíò ń pariwo rẹ̀ káàkiri Ọjà-Ọba, ta ni ǹ bá tún bi? Mo ní ọmọ mi ti tà mí nítorí obìnrin. Ó ń dọ̀bálẹ̀ fún mi láràárọ̀, n ò dá a lóhùn." Ó fi ọwọ́ nu ojú rẹ̀. "Mo ṣẹ̀ ẹ́."

Nígbà tó yá, Nabeelah béèrè nípa ọ̀rọ̀ Bàríkísù, ṣé ìyẹn kò dùn wọ́n. Bàbá wò ó bí ẹni tí kò gbọ́ ọ yé. Ó ní kò sí ìyàwó tó ń wọ ilé àwọn tí wọn kì í ní kó ka Kùránì fún gbogbo ilé kó tó jókòó, ọkùnrin ilé á sì dákẹ́ gbọ́ ọ. Ó ní ṣé ó rò pé lásán ni.

Ó wá sọ ohun tó ń fẹ́. Ohun tí Nabeelah sọ láàárọ̀ yìí, pé òun ló rò ó, kó fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí láé. Kó má ṣe sọ fún ìlú pé wọ́n ti jẹ́rìí sí i.

Ó wúwo ju bí bàbá náà ṣe mọ̀. Kò sí onímọ̀ ìtàn tí kò wù kí òkú jí lọ́jọ́ kan, kó sọ pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, bó ṣe rí gan-an nìyẹn." Ti Nabeelah fẹ́rẹ̀ẹ́ jí, ó wà níwájú rẹ̀ lórí awọ àgùntàn, wọ́n sì ní kó pa ẹnu mọ́. Ìlú yóò máa sọ pé ibi tó dùn jù nínú ìtàn rẹ̀, àròsọ ni. Òun nìkan ni yóò mọ̀.

"Bí wọ́n bá bi mí ńkọ́, Bàbá?"

"Sọ èyí tó o ti sọ. Ìwọ lo rò ó. Ṣé irọ́ ni?"

Ó rò ó wò. "Kì í ṣe irọ́." Ó tún rò ó sí i, Bàbá kò sì kán an lójú. Bí ó bá pariwo rẹ̀, ìdí òkúta kò ní jẹ́ ibi ìkọ̀kọ̀ mọ́, àwọn èèyàn á máa wá yà á ní fọ́tò. Ohun tó ti wà láàyè láti ọjọ́ Àlàó, òun ni yóò pa á. "Mo gbọ́, Bàbá," ló wí níkẹyìn.

Bàbá gbé ohùn sókè, ó pe Abdulmateen. Ọkùnrin náà wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ bó ti ń ṣe láràárọ̀, kò sì retí nǹkan kan.

"Dìde, ọmọ mi," ni Bàbá Àfáà wí. "O káàbọ̀."

*

Wọ́n so yìgì lẹ́yìn òjò. Àǹtí Rokibat ló wọ ìborùn tó tàn jù, ó sì ń sọ fún gbogbo ẹni tó fẹ́ gbọ́ pé bójú bá mọ ojú tán, alárinà á yẹ̀ bá, ṣùgbọ́n òun kò ní yẹ̀ níbì kan títí wọn yóò fi gbé oúnjẹ dé. Nabeelah ka Kùránì fún gbogbo ilé kó tó jókòó. Bàbá Àfáà di ojú rẹ̀, ó ń gbọ́.

Ètò rédíò ń lọ. Bó bá débi tó ti fi iyọ̀ tirẹ̀ sí ìtàn, á ní, "Èyí, èmi ni o," á sì máa bá ìtàn lọ. Àwọn olùgbọ́ ti mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní ibẹ̀ gan-an ni àwọn máa ń tẹ́tí sí jù.

Lọ́jọ́ kan lẹ́yìn Àsárì, ó wà ní ẹ̀yìnkùlé, ó ń fọ abọ́. Àlejò kún iwájú ilé. Bàbá Àfáà jáde wá pẹ̀lú kẹ́tùlù omi, kò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó jókòó sídìí òkúta, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ̀ ọ́. Nabeelah tẹjú mọ́ abọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ bàbá ti ń rẹ̀. Ìró òkúta kò tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ohùn sì ń yọ láàárín rẹ̀. Ó gbọ́ orúkọ Abdulmateen. Ó gbọ́ orúkọ ara rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni àwọn àlejò ń rìn bọ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, Àǹtí Rokibat ló ṣáájú wọn. Nabeelah dìde, ó mú ìgbálẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ilẹ̀ tó ti mọ́, ó ń gbá a kíkankíkan, títí ìró ìgbálẹ̀ àti ìró òkúta fi di ọ̀kan. Àwọn àlejò kọjá lọ sí ìdí oúnjẹ, wọn kò gbọ́ nǹkan kan.

Abdulmateen yọ lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní ṣebí ó ti gbá ibẹ̀ láàárọ̀.

Nabeelah kò dá ọwọ́ dúró. Ó wo ọkọ rẹ̀, ó sì sọ ọ́ jẹ́jẹ́ sábẹ́ ìró náà pé, "Tó o bá tún bi mí, n ò ní kọ̀."

"Kí lo wí?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì ń gbálẹ̀ lọ.